Ọwọ́ Mi Nínú Ìkòkò Inú Òkun

Rẹ̀mí ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé tí ọkọ̀ ojú omi bá rì sínú òkun, tí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sì kọjá lórí rẹ̀, ìkòkò ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Igi ọkọ̀ á ti tán, kòkòrò inú omi á ti jẹ ẹ́. Aṣọ tí wọ́n ta sókè fún afẹ́fẹ́ á ti jẹrà. Ṣùgbọ́n àwọn ìkòkò amọ̀ tí wọ́n kó ẹrù sí á ṣì wà nísàlẹ̀, wọ́n á di òkìtì gbọọrọ kan, bí ọkọ̀ náà ṣe gùn tó.

"Ìkòkò amọ̀ lásán?" mo bi í.

"Ìkòkò amọ̀ lásán, Mà. Iná ti jẹ́ kó le. Omi ò lè jẹ ẹ́ tán."

Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ amọ̀kòkò ni mí. Ní Ìlọrin, nínú ebu ìyá mi, ìyẹn ibi tí a ti ń mọ ìkòkò tí a sì ti ń sun ún, ni mo dàgbà sí, èmi náà sì mọ ìkòkò títí mo fi tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Àbújá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2016, Kabusa ni mò ń gbé, mo sì ń gbálẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ohun àtijọ́. Àsíátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣéhù ni gbogbo wọn ń pè mí.

Rẹ̀mí jẹ́ ọmọbìnrin ará Kábà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kàwé nípa bí a ṣe ń tọ́jú ohun àtijọ́ kó má bàa bàjẹ́, òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Tí mo bá ń nu ilẹ̀ yàrá náà, èmi á bi í léèrè, òun á dá mi lóhùn. Kì í rẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n gbé ìkòkò kan wá bá a. Bàbá kan tó ti ṣe ẹnjiníà nínú ọkọ̀ ojú omi ló kú ní Dutse Alhaji, àwọn ọmọ rẹ̀ sì rí ìkòkò náà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn apẹja ló fi àwọ̀n gbé e sókè láti ìsàlẹ̀ Òkun Mẹditaréníà, òkun àtijọ́ tó wà lókè aṣálẹ̀, láàrin ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá àti ilẹ̀ àwọn Òyìnbó, tí wọ́n sì fún bàbá náà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tó ni etí òkun ibẹ̀ gbọ́, wọ́n ní kí a dá a padà. Àwọn aṣojú wọn ń bọ̀ wá gbà á ní oṣù kọkànlá.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, ará Èkìtì, sọ fún Rẹ̀mí pé òun ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ó tún sọ fún un pé tí iṣẹ́ náà bá dára, orúkọ rẹ̀ lòun máa fi ránṣẹ́: yóò bá ìkòkò náà lọ, yóò sì lo ọdún kan létí òkun yẹn láti kọ́ bí a ṣe ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ wá ọkọ̀ tó rì. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ó ń lọ kọ́ ìwẹ̀ odò ní òtẹ́ẹ̀lì kan lálaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí a bá pàdé láàárọ̀ Ajé, á ní, "Mà, mo ti lè di èémí mú títí tí mo fi ka ọgọ́rin."

Ìkòkò ọ̀hún gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé igbáàyà mi. Ó ní etí méjì lẹ́bàá ọrùn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí ṣónṣó bí ìsàlẹ̀ kárọ́ọ̀tì, kò lè dá dúró.

"Irú ìkòkò wo ni kò lè jókòó?" mo bi í.

"Inú ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, Mà. Wọ́n á to ọ̀kan sí àárín èjìká àwọn tó wà nísàlẹ̀, kí ìjì má lè gbé wọn ṣubú."

Mo fi ògbólógbòó ìró mi ká òṣùká fún un, èmi, òun àti awakọ̀ méjì sì gbé ìkòkò náà lé e. Ó dúró. Rẹ̀mí pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n fọwọ́ pa ara rẹ̀. Ó rí gbàkọ̀gbàkọ̀ bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, ìkarawun kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ẹrẹ̀ tó gan bí sìmẹ́ǹtì ló dí i lẹ́nu pa.

Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an. Kò pẹ́ tí ara ìkòkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo, lẹ́búlẹ́bú funfun ń yọ jáde lára rẹ̀. Rẹ̀mí ní iyọ̀ tí amọ̀ náà ti mu nínú òkun ló ń wá ọ̀nà àbájáde, pé tí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò fọ́ ọ. Ó lọ ra táńkì rọ́bà ńlá ní Dei-Dei, ó tẹ́ ìkòkò náà sínú rẹ̀, ó da omi tútù bò ó. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń pààrọ̀ omi náà. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tì bọ inú omi láti mọ bí iyọ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò náà mọ́, títí kan èmi.

Ìdáyátù, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbálẹ̀, máa ń yọjú wo táńkì náà láti ẹnu ọ̀nà.

"Kai! Wọ́n yọ ìkòkò nínú omi, wọ́n tún rì í sómi. Ìyá Ṣéhù, oṣù mélòó ló ti wà nínú omi báyìí?"

"Oṣù kẹrin."

"Ṣé kò tíì lóyún ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan. Ẹni tó bá ti ń ṣọ́ èèyàn kì í ṣàìrí nǹkan.

Mo rí i pé àwọ̀ ìkòkò náà ń yí padà. Eléyìí tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń pọ́n, ó ń dán. Ní oṣù kẹfà, Rẹ̀mí àti awakọ̀ kan gbé e jáde láti fọ táńkì, àwọn méjèèjì ò sì mí gúlegúle bíi ti àkọ́kọ́ nígbà tó gba èèyàn mẹ́rin. Ó fúyẹ́. Mo tún rí i pé Rẹ̀mí ń gbé ọ̀rá dúdú kan jáde ní ìrọ̀lẹ́, kì í sì í jù ú sí ibi tí àwa ń da pàǹtí sí. Inú báàgì rẹ̀ ló ń gbé e sí.

"Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?" Ìdáyátù bi mí.

"N ò mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀?"

Ní oṣù kẹjọ, mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ilẹ̀kùn ò pa dé tán. Ó ní, "Ó gbọ́dọ̀ bá a mu gẹ́lẹ́. Ọrùn rẹ̀, èjìká rẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì. Mo fẹ́ kí èyí àti ìyẹn jẹ́ ọ̀kan náà." Bí mo ṣe wọlé báyìí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan bá a wá láti Dei-Dei. Wọ́n gbé nǹkan kan tí wọ́n fi tapólì wé sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi. Tapólì ò lè bo ìrísí ohun tó wà nínú rẹ̀: ìsàlẹ̀ ṣónṣó, èjìká, ọrùn, etí méjì. Ọkùnrin náà nìkan ló dá a gbé.

"Kí nìyẹn, Rẹ̀mí?"

"Nǹkan iṣẹ́ ni, Mà."

Nǹkan iṣẹ́. Ọmọ tó ti sọ fún mi iye ìṣẹ́jú tí ó lè fi di èémí mú.

N ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ro ó síbí, mo ro ó sọ́hùn-ún. Mo ní bóyá ẹnì kan ní ìlú òkèèrè ló fẹ́ ra ògidì ìkòkò náà. Mo ní bóyá wọ́n fẹ́ fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀ kí àwọn àlejò tó dé. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú? Ẹni tó ń nu ilẹ̀ yàrá ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá ni Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah pe Rẹ̀mí lójijì nígbà tí mò ń nu ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sáré lọ, ó gbàgbé pé èmi wà nínú yàrá. Ìkòkò náà ti kúrò nínú omi. Ó sùn sórí fóòmù, aṣọ títutù wà lórí rẹ̀ kó má bàa yára gbẹ. Wọ́n ti kó ẹrẹ̀ ẹnu rẹ̀ kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí inú rẹ̀.

Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi. Mo tì í bọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń wá. Nínú ebu tiwa, ìkòkò kì í kúrò lójú kan. Amọ̀kòkò ló ń bẹ̀rẹ̀ tí ó ń yí i po, tí ó ń fi ọwọ́ fa amọ̀ náà sókè. Nítorí náà ipa ìka máa ń wà nínú rẹ̀. Ó jìn níhìn-ín, ó pẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, ó wọ́ lọ síbi tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún ti yẹ̀. Bí wọ́n bá kó ogún ìkòkò síwájú mi nínú òkùnkùn, màá fi ọwọ́ mú ti ìyá mi jáde.

Inú ìkòkò tí ọwọ́ mi wà yìí, òrùka ló wà nínú rẹ̀. Òrùka lórí òrùka, láti ọrùn títí dé ibi tí ọwọ́ mi lè dé, gbogbo wọn dọ́gba, bí ìlà tó wà lára agolo. Kò sí ibi tó jìn ju ibòmíràn lọ. Kò sí ẹni tó yí ìkòkò yìí po rí.

Mo yọ ọwọ́ mi. Mo ní, ẹ̀rọ ló ṣe èyí. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe é, lọ́dún yìí. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Rẹ̀mí padà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá ní ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ wọlé, kò gbọdọ̀ lé ọjọ́ náà. Ó ní, "Mà, ẹ bá mi ṣàdúà." Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Áámín." N ò bi í ní nǹkan kan.

Ìdáyátù ni mo sọ fún, lórí àtẹ̀gùn. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó, Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah ti ránṣẹ́ pè mí.

Bàbá náà ò jókòó. Ọdún méjì péré ló kù kí ó fẹ̀yìn tì, aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ṣéhù, wọ́n ní ẹ ní ìkòkò yẹn kì í ṣe òun."

"Kì í ṣe òun, sà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ọ̀gá, bí ẹ bá bi mí nípa fáìlì, màá ní n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìkòkò."

Ó ti bébà kan sí mi. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Láyé àtijọ́, ìka ni ǹ bá fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Kabusa, Rẹ̀mí pàápàá sì máa ń bá mi wo iṣẹ́ àṣetiléwá mi nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo kọ ọ́ pé: Ìkòkò tó wà nínú yàrá kì í ṣe èyí tí mo fọwọ́ kàn ní oṣù kìíní. Ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo tún rí i tí wọ́n gbé òmíràn wọlé nínú tapólì. Èmi Àsíátù. Ìlà náà tọ́, n ò sì pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Mo yangàn sí i, Ọlọ́run mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún Rẹ̀mí ní kúèrì. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi wádìí. Wọn ò sọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ fún un. Wọ́n kàn ní wọ́n fura pé ohun ìjọba ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà léjìká.

"Mà, wọ́n ní ẹnì kan jẹ́rìí lòdì sí mi."

"Hùn-ún."

"Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ìkòkò yẹn sí oòrùn. Bí ó bá yára gbẹ, ó máa sán. Ẹ sì bá mi wádìí ẹni náà. Èèyàn kì í fojú pamọ́ fún yín níbí."

"Màá gbìyànjú," ni mo wí.

Bí ó ṣe ń lọ, mo ń ronú nínú ara mi pé ọgbọ́n ló ń dá. Ó fẹ́ kí n máa rò pé ògidì ló ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Láníyì dé láti yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀gá ló pè é. Ó ti wọ ìsàlẹ̀ òkun yẹn lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, omi sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́, tó fi jẹ́ pé igbe ló fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí èmi náà wá sí yàrá. Ìdáyátù dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń díbọ́n pé òun ń nu ojú fèrèsé.

Láníyì tẹ́ àwòrán tí Rẹ̀mí yà ní ọjọ́ tí ìkòkò náà dé sórí tábìlì. Ó wo àwòrán, ó wo ìkòkò. Ó ka ìwé iyọ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Ó fi ìka tọ ìlà sísán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, ó fi hàn wá nínú àwòrán: ìlà kan náà, ó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìẹ.

"Òun náà nìyí," ó kígbe. "Ta ló ní kì í ṣe òun?"

Ọ̀gá fi ojú tọ́ka sí mi.

"Kí lẹ rí, Màmá?"

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí. Mo rò pé ẹ̀rín ló fẹ́ rín, ṣùgbọ́n kò rín.

"Ìlọrin lẹ ti mọ ìkòkò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń yí ìkòkò po?"

"Àwa ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Lọ́dọ̀ tiwọn, ìkòkò ló ń yí, Màmá. Wọ́n ní pátákó róbótó kan. Amọ̀ wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa yí. Amọ̀kòkò jókòó, ó kàn gbé ọwọ́ sí i."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó gé igi ọkọ̀ tó gbé ìkòkò yìí. Ó ti pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ dáadáa."

N ò gbà. Mo ní nínú ọkàn mi pé bóyá òun àti Rẹ̀mí ló jọ ń ṣe é. Ó rí i lójú mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé àtàǹpàkò mi sí ìdí etí ìkòkò náà, níbi tí etí ti so mọ́ ara. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò mi wọ̀ ọ́.

Mo mọ ohun tó jẹ́. Bí a bá fẹ́ lẹ etí mọ́ ìkòkò, a máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní ìdí kó lè mú. Ìyá mi ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló tẹ èyí, ọwọ́ rẹ̀ sì fi díẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.

"Tapólì ńkọ́?" Ọ̀gá bi í. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Láníyì lọ sí kọ̀rọ̀, ó fa tapólì náà kúrò. Igi ni. Igi gbígbẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìrísí ìkòkò náà, àmì pẹ́ńsùlù kápẹ́ńtà wà lára rẹ̀ káàkiri.

"Èyí ni kápẹ́ńtà fi ń wọn àpótí àti fóòmù, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa gbé ògidì sókè sódò. Èmi ni mo kọ́ Rẹ̀mí bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ àti ìkarawun tó ń yọ lára rẹ̀, òun ló ń kó sínú ọ̀rá dúdú tó ń fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò." Ó wo gbogbo wa yíká. "Ṣé kò sẹ́ni tó bi í ni?"

Ìdáyátù ti kúrò ní ojú fèrèsé. Ọ̀gá nu iwájú orí rẹ̀.

"Ìlànà iṣẹ́ ni," ló sọ.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pe Rẹ̀mí padà. Wọ́n fún un ní ìwé pé wọ́n ti fa kúèrì náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ti lọ ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ti ọ̀gbẹ́ni kan láti ẹ̀ka mìíràn tí omi ò tíì mù dé orúnkún rí. Àwọn tó ń gba orúkọ ti pa ìwé dé. Ọ̀gá ní òun bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà.

Rẹ̀mí gbé ìkòkò náà sínú àpótí, ó fi fóòmù há a yíká, ó ti ilẹ̀kùn, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju wákàtí méjì lọ. Mo dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ti mọ̀ pé ó ti rí ìwé mi, nítorí inú fáìlì tí wọ́n fi hàn án ni wọ́n fi sí. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kó má bàa gun ara wọn.

"Rẹ̀mí, ọmọ mi. Forí jì mí."

"Mo ti gbọ́, Mà."

"N ò mọ̀ pé ìkòkò lè máa yí. Mo búra, n ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀." Ojú rẹ̀ gbẹ. "Láti oṣù kìíní lẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè, Mà. Ẹ bi mí nípa ẹja, ẹ bi mí nípa ìjì, ẹ bi mí bóyá àwọn tó rì ráyè gbàdúrà kí wọ́n tó kú. Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn. Ẹ ò bá bi mí ní ẹyọ kan yẹn náà."

Mo ní, "Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Wọn ò ní tún mú èèyàn?"

"Mo ti ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Lọ́kọ́ja."

"Wọ́n ní òkun ní Lọ́kọ́ja?"

Ẹnu mi ló yọ ọ́ sọ. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún mi láàárọ̀, orúnkún méjèèjì dé ilẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, Mà." Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e títí dé ẹnu géètì. Mẹ́gáàdì kí i, "Sànnu, Máàmù." Ó ní, "Yauwa." Mo pè é, "Rẹ̀mí!" Mo tún pè é. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró, ó fi báàgì rẹ̀ sí i, ó wọlé, ó sọ ibi tó ń lọ fún awakọ̀ rẹ̀. Mo dúró sínú oòrùn títí kẹ̀kẹ́ náà fi yà sí títì ńlá. Kò bojú wẹ̀yìn.